Bàbà Lójú Òkè

Ọwọ́ òkú òṣìṣẹ́ kan ṣì di páànù ẹ̀rọ mú nígbà tí Ínsípẹ́kítọ̀ wọ yàrá ìdánwò. Iná ló gbé e. Ínsípẹ́kítọ̀ tú ẹ̀rọ náà, ó yọ pátákó iná inú rẹ̀ tí wọ́n tẹ ọ̀nà iná sí, ó yẹ ojú méjèèjì wò, ó sì fi í sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Pátákó náà ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀. Inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti dè pa ló wà nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn; kò sí ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ náà tó tíì fojú kàn án.

Ẹni méjì ló ń dúró dè é: ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ya pátákó.

"Láàárín ibi tí iná ńlá ń gbà àti ibi tí ọwọ́ èèyàn lè kàn," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí, "ó yẹ kí ààyè kan wà lórí pátákó tí bàbà tó ń gbé iná kò gbọdọ̀ dé. Bàbà ti kún ibẹ̀."

Obìnrin náà dáhùn kíákíá. "Mo ya ààyè yẹn, sà! Mo fi ìlà yí i ká, lójú òkè àti lójú ìsàlẹ̀ pátákó, kí n tó ní kí kọ̀ǹpútà da bàbà sí ibi tó kù."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Àbúrò mi ni, ó dùn mí. Àmọ́ òun nìkan ló ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn. Èmi, títàn rẹ̀ gan-an mi ò mọ̀ ọ́n."

"Bọ̀ọ̀dá!"

"Ṣé kí n parọ́ fún ọlọ́pàá ni?"

Ínsípẹ́kítọ̀ gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lé orí tábìlì. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló máa bá mi mú ọmọ mi nílé ìwé?" ló ń sọ lábẹ́ẹ́lẹ̀.

"Ká ní ojú kan ni bàbà kún, màá ní àṣìṣe ni," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Ojú méjèèjì ló kún. O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n á so ọ́ kọ́."

"Rárá o!" Ọ̀gá fò dìde. "Kò sí bàbà nísàlẹ̀! Òkè nìkan ni!"

Ínsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ lu àpò rẹ̀.

"Àpò mi ni pátákó náà wà," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Ta ló sọ fún yín?"

Ọ̀gá jókòó wọ̀ọ̀. "Àwọn oníbàárà ń pariwo pé àwọn ẹ̀rọ wa àtẹ̀yìnwá ń gbóná jù. Mo rò pé bí bàbà bá pọ̀ lókè, ooru á lọ sílẹ̀. Mo wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo pa ìlà ojú òkè rẹ́."

"Ká ní àbúrò yín gbàgbé láti ya ààyè ni," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí, "ojú méjèèjì ni bàbà ì bá kún. Òkè kún, ìsàlẹ̀ ṣófo: ẹnì kan ló tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi irọ́ tèmi wá ẹni náà."

Ínsípẹ́kítọ̀ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ ọ̀gá. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n so ọ́ kọ́, àbí?"

"Ẹ̀wọ̀n ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ìyẹn tẹ́ yín lọ́rùn fún mi?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá, ó sì lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Títí dòní, kò pe ọkùnrin yẹn ní bọ̀ọ̀dá mọ́.