Igbà tí Fábọ̀dé Gbé Pamọ́

Bàbá Ìbráhímù ń kọ ebè nínú oko tí kì í ṣe tirẹ̀. Òógùn ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀ sórí ọkọ́. Gbogbo Sátidé ló ń rìn láti Tatonnonkon wá sí Ikpinlè, ní ilẹ̀ Benin, láti ro oko Fábọ̀dé.

Fábọ̀dé sọ pé Hàkímù, ọmọ bàbá náà, fi alùpùpù kọlu òun, ẹsẹ̀ òun sì kán. Ó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà abúlé, wọ́n ní kí Hàkímù san owó gbà-má-bínú. Kò ní in. Bàbá rẹ̀ gbà láti fi ọkọ́ san án. Hàkímù búra títí pé òun kò fara kàn án, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ìtìjú lé e wọ Nàìjíríà. Ó pé ọdún kan báyìí, a kò gbúròó rẹ̀.

Fábọ̀dé jókòó lábẹ́ igi, ó na ẹsẹ̀ tó rọ síwájú.

"Bàbá, ebè yẹn kúrú. Àbí ẹ fẹ́ kó bá ẹsẹ̀ mi dọ́gba ni?"

"Má bínú, ọmọ mi." Arúgbó náà tún un kọ.

Lọ́jọ́ kan, Ìtùnúolúwa wá sílé Fábọ̀dé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gun ọ̀pẹ, tí wọ́n jọ ń mutí, kí Ìtùnúolúwa tó gba Jésù gbọ́.

"Yá mi ní igbà tí o fi ń gun ọ̀pẹ. Ìwọ kò kúkú gùn ún mọ́."

"Kò sí ńlé."

"Ahun! Sórí àjà lo máa ń gbé e sí." Kí Fábọ̀dé tó dìde, ó ti gòkè. Igbà náà ló mú sọ̀ kalẹ̀, ó ti já sí méjì.

Ó wò ó pẹ́. "Fábọ̀dé, ṣé alùpùpù ló já èyí?"

Fábọ̀dé sunkún, ó sọ òótọ́. Ó ti mu sódábì, ògógóró wọn, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kó tó gun ọ̀pẹ. Igbà já, ó ṣubú, ó wọ́ dé ẹ̀bá ọ̀nà. Hàkímù tó ń gun alùpùpù kọjá dúró láti gbé e. Ẹni tó dúró ṣàánú rẹ̀ ló dì mú pé ó kọlu òun.

"Ṣé o máa sọ fún wọn?"

"Ìwọ lo máa sọ. Jésù kú nítorí irọ́ yìí náà. Ó máa dárí rẹ̀ jì ọ́, ṣùgbọ́n kò ní bá ọ gbé e pamọ́."

Fábọ̀dé kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó kán náà, ó ké pe Olúwa.

Ní Sátidé, òun ló rìn lọ sí Tatonnonkon. Ó gbé igbà náà lé bàbá lọ́wọ́, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ilé.

Bàbá fọwọ́ pa ibi tó já. "Mo ti gbọ́. Ta ni yóò wá sọ fún Hàkímù?"

Fábọ̀dé dọ̀bálẹ̀. Ó tọrọ ọkọ́. Iye ebè tí arúgbó náà kọ fún un ló kọ padà sínú oko bàbá, Sátidé dé Sátidé, ní ìjókòó, nítorí ẹsẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó parí èyí tó kẹ́yìn, ó nu ọkọ́ náà, ó fi í sẹ́nu ọ̀nà bàbá, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ. Hàkímù kò tíì dé.

Ìwọ tó ń kà á, kí ni ìwọ gbé pamọ́ sórí àjà? Ọlọ́run ti rí i. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ ọ́ mọ́. Má fi ọjọ́ kan ṣòfò sí i. Ronú pìwà dà lónìí, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà nítòsí tó lè gbọ́ ohùn rẹ.