Ìdáhùn Tó Bọ́ Sábẹ́ Ọ̀rọ̀ Ìsìnkú

Ẹ̀sùn ló gbé Mùbàṣírù, ọmọ Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, dé ọ́fíìsì Ọmọ́títí ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ọmọ́títí ló ń bójú tó ímeèlì ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde ní yunifásítì. Tó bá ti fọwọ́ sí ohun tí ẹnì kan kọ, ẹ̀rọ á pín in dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, gbogbo ohun tí mo bá kọ, àárín ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló ń bọ́ sí."

"Ṣé lẹ́tà àtijọ́ lẹ máa ń ṣí, tí ẹ ó pa àkọlé rẹ́, tí ẹ ó kọ tuntun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí n má baà máa wá àdírẹ́sì kiri."

"Ẹ̀rọ kì í wo àkọlé. Ó ti kọ ọ́ sórí lẹ́tà yín pé lẹ́tà báyìí lẹ̀ ń dá lóhùn, abẹ́ rẹ̀ náà ló sì máa tò ó sí. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ tuntun."

"Olùkọ́ mi, mo ti gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Ọmọ́títí.

Ìfẹ́ wọn dùn, ṣùgbọ́n ó tán wọn lókun. Bàbá Ọmọ́títí, Tíṣà Japheth, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní òun ò ní fọmọ fún Mùsùlùmí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Níkẹyìn, ó sú Mùbàṣírù.

"Ọmọ́títí mi, mi ò ní wá mọ́, mi ò sì ní pè. Ibiade tí mo ti ń ṣe tíṣà ni màá wà. Ọjọ́ tí Bàbá bá gbà, kọ̀wé sí mi. Màá kó àwọn èèyàn mi wá."

Ọjọ́ tí Bàbá gbà, kò sáriwo ayọ̀. Ó kàn gbé ṣíbí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. "Ó ti rẹ̀ mí. Sọ fún un kó wá."

Ó ti rẹ Ọmọ́títí náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti fi fóònù kọ ímeèlì sí Mùbàṣírù: "Bàbá ti gbà. Máa bọ̀, ayọ̀ mi."

Ìdáhùn ò dé. Ojú ń tì í láti pè, torí kì í ṣe ilé ìyàwó ló ń lé ọkọ kiri. Ó kàn ń dúró.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà Mùbàṣírù wọlé sí ímeèlì ẹgbẹ́, ó ń dúró kí Ọmọ́títí fọwọ́ sí i kó tó lọ. Ìkéde yìgì òun àti Asimawu ni.

Ó pè é lójú ẹsẹ̀. "Mo kọ̀wé sí ẹ, Mùbà."

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo retí rẹ, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ìyá mi bá wá ìyàwó fún mi."

Ọmọ́títí wá lẹ́tà náà jáde. Nínú àárẹ̀, lẹ́tà tí Mùbàṣírù fi kẹ́dùn ọ̀gá wọn kan tó kú lèṣí ló ṣí, tó pa àkọlé rẹ́, tó sì kọ tiẹ̀. Òun tó ń kọ́ èèyàn!

"Wo abẹ́ ọ̀rọ̀ ìsìnkú ọ̀gá wa."

Ó gbọ́ tí Mùbàṣírù ń fa imú. "Ta ló tún ń ṣí ọ̀rọ̀ ìsìnkú èṣí wò? Ọmọ́títí, Asimawu ò ṣẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Má dójú tì í."

Ó fọwọ́ sí ìkéde náà, ó lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá ní, "Ọmọ Òjòwò yẹn ò tíì yọjú. Mo ti sọ fún ẹ pé kò fẹ́ràn rẹ tó bó o ṣe rò."

"Ó fẹ́ràn mi, sà," ni Ọmọ́títí wí, ó sì bú sẹ́kún.