Àárọ̀ Tí Mo Jí Sáfà Àtijọ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jókòó dáadáa. Òfófó tí mo gbé wá lónìí, ti ara mi ni, kò sẹ́ni tó máa bá mi jà pé mo tú àṣírí òun.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, tí mò ń gbálẹ̀, tí mò ń kọ orúkọ oníbàárà. Sáfà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà àgbà tí àkọsílẹ̀ ojú gbogbo èèyàn wà nínú ẹ̀. Ó ti gbó, á máa hanrun bí arúgbó. Ọdún méje gbáko, bí mo bá ti gbálẹ̀ débẹ̀, ìka mi á ti tẹ bọ́tìnì tó ń jí i kí n tó mọ̀.

Ọjọ́ tí ọkùnrin tí ọ̀gá mi pè wá tún kọ̀ǹpútà ṣe wọlé, wáyà ló fi kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Mo ní, "Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi baba yìí ṣe?"

"Mo fẹ́ kó gbogbo inú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun yìí. Ibẹ̀ lá máa gbé, á ṣì máa rò pé ilé ara òun lòun wà."

"Kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà? Ṣé kò ní há mọ́ ọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi dìde níjòókòó.

Mo bi í ní ìbéèrè títí ó fi sọ mí ní Ìyá Kí-ló-dé. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun rí mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ló jí ti tuntun. Àṣé nọ́ńbà àṣẹ tí wọ́n fi ra ètò tó ń ka àkọsílẹ̀ yẹn, ara ògbólógbòó ló mọ̀. Ó délé tuntun, ó ní òun ò mọ ibí, kí wọ́n pe àwọn tó ṣe òun. Oníwáyà pè wọ́n. Obìnrin kan gbé e.

"Ẹ̀rọ mélòó ló ń lò ó? Ọ̀kan ṣoṣo la gbà láàyè."

"Ọ̀kan, mà. A ti pa ti àtijọ́."

Ó ka nọ́ńbà gígùn kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀, Oníwáyà tẹ̀ ẹ́. Ó ṣiṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbálẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí ìka mi ṣe.

Kí ó tó di aago mẹ́wàá, gbogbo nǹkan ti tì pa. Oníbàárà jókòó lọ bẹẹrẹ, ọ̀gá ń pariwo mọ́ Oníwáyà: "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ rèé? Màá rí i pé ẹnì kankan ò pè ọ́ ṣiṣẹ́ mọ́."

Oníwáyà kàn dẹtí. Ìhanrun ń bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó wò mí.

Ó lè sọ, kò sọ. Èmi ni mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ìka mi ni. Èmi ni mo jí ti àtijọ́."

Oníwáyà tún pe obìnrin yẹn. Ọ̀gá ń sọ sí i létí jẹ́jẹ́, "Ṣáà ní ọ̀kan ni." Ó mirí.

"Méjì ló jí, mà. Àṣìṣe ni. Mo ti ń pa ọ̀kan báyìí."

Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé. Méjì náà la rí níbí. Ká ní ẹ purọ́ ni, mi ò bá tí fún yín ní nọ́ńbà mìíràn."

Nígbà tí ìpè náà parí, Oníwáyà yíjú sí mi, eré ló pè é: "Ìyá Kí-ló-dé, ìwọ náà ńkọ́? Mélòó ni?"

Ẹnì kan wà lókè òkun. Ọdún márùn-ún ló ti ń sọ pé òun ń bọ̀. Àràárọ̀ lá kí mi lórí fóònù, ìka mi á ti dáhùn kí n tó fọ ojú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí mò ń pè ní màmá, ọkọ mi ni wọ́n ń pè é.

Mo ní, "Méjì."

Ó ká wáyà ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mi ò bínú. Tó bá ku ọ̀kan, jẹ́ kí n mọ̀, kódà bí kì í bá ṣe èmi."

Mo délé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún màmá, títí kan bó ṣe ń rá lábẹ́ tábìlì tó ń to wáyà. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń rá kiri lábẹ́ tábìlì? Òun lo fẹ́ torí ẹ̀ fi ẹni òkè òkun sílẹ̀?"

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo pe ẹni òkè òkun níwájú wọn, mo jẹ́ kí fóònù ké sóde.

"Ṣé ò ń bọ̀ lóòótọ́?"

Ó ní, "Mi ò ní bọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí ẹ, wàá dáhùn. Mo rò pé o ṣì ń retí mi, ojú wá ń tì mí."

Àṣé ìka ló ń bá ìka sọ̀rọ̀.

Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà Oníwáyà dà?" Wọ́n pè é fúnra wọn. "Ìwọ tó ń rá lábẹ́ tábìlì, ó ti ku ọ̀kan níbí. Tìẹ ńkọ́, mélòó ni?"

"Ọ̀kan ni, mà. Ìbéèrè ẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi láti wá èkejì."

A ti ṣègbéyàwó. Ọ̀gá fi sáfà àtijọ́ ta wá lọ́rẹ, ó wà ní pálọ̀ wa, olólùfẹ́ mi ti gé wáyà ẹ̀ nítorí ìka mi. Tí màmá bá wá kí wa, orí sáfà náà ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn dúró níwájú yín, ó ní mélòó ni. Ṣé ẹ máa sọ pé méjì, àbí ẹ máa ní ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì yára lọ pa èkejì? Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi o.