Wákàtí Méjìlá Tó Kù

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Ọ̀gá ti buwọ́ lù ú tán."

Ọ̀rẹ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Kíámọ́sá nítorí pé kò lè ṣe sùúrù. Èmi ń wo ojú ewé òfìfo tí ọwọ́ ọ̀gá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ilé-ìwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ físíò ni àwa méjèèjì fẹ́ wọ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń ran ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ lọ́wọ́ títí yóò fi tún lò ó. Èsì ìdánwò nìkan kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ jókòó ti oníṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, kó máa wò ó, kí oníṣẹ́ náà sì buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀gá wa, oníṣẹ́ físíò tí a jókòó tì, mí, nítorí náà ló ṣe máa ń buwọ́ lu ewé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kí a tó kọ nǹkan kan sí i. Ó fọkàn tán wa.

Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Wákàtí méjìdínláàádọ́rùn-ún ni mo ní, ọ̀la sì ni gbígba fọ́ọ̀mù máa parí. Ká má purọ́, bírò ti wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń lọ aṣọ. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ ewé òfìfo náà fún un.

"Mọ́mì, tí wọn ò bá gbà mí ńkọ́?"

"Wọ́n á gbà ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá pè ẹ́, ṣé bírò ló máa bá ẹ dáhùn?"

Mo fa ìlà gba àárín àwọn ewé òfìfo náà kọjá, mo sì fi ìwé ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ilé-ìwé náà pe àwa méjèèjì wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kíámọ́sá, tó ti kọ ewé òfìfo tirẹ̀ kún títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún wákàtí, ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n bi í pé kí ló rí lọ́jọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ìwé rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n bá pe ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá ní àwọn ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà rárá, wọ́n ń kun ilé ni.

Ó kàn mí.

"Wákàtí méjìlá kù. Kí ló dé?"

"Ibà ni, sà."

"Ó dáa. Sọ ọjọ́ kan fún wa nínú èyí tó o ní."

Mo sọ ti bàbá télọ̀ tó rọ lápá ọ̀tún. Ọ̀gá ní kó de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló lò. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo nawọ́ láti bá a de é, ọ̀gá gbá ọwọ́ mi kúrò. Nígbà tí bàbá de é tán, ó sunkún, ó ní, "Èmi tí mo rán ẹgbẹ̀rún ẹ̀wù." Mo ní ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ mi ìbá gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbà mí, wọ́n ní kí n parí wákàtí tó kù kí ilé-ìwé tó wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi parí rẹ̀, inú mi dùn dẹ́yìn. Kíámọ́sá ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ó bínú sí mi díẹ̀, inú rẹ̀ sì ti rọ̀.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin tí fọ́ọ̀mù wà níwájú yín, ohun tí ẹ bá kọ ni wọ́n máa bi yín. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ. Èmi, bọ́tìnnì kan ló mú mi wọlé.