Ewéko Tí Púlọ́ńbà Rì Sómi

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, páìpù bẹ́ nílé ìwòsàn. Púlọ́ńbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè bá nọ́ọ̀sì kan tó dúró lórí àga, tó gbá ewéko kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ewéko náà rí roboto, kò ju ọsàn lọ, kò léwé, kò lẹ́ka, irú èyí tó ń hù ní aṣálẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń sá fómi ni, àbí ewéko yín?"

"Ewéko ni. Omi àpọ̀jù ló ń pa á. Ẹ dí páìpù, ẹ yé wò mí."

Ó dí páìpù. Kò yé wò ó.

Kó tó poṣù mẹ́fà, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n bàbá nọ́ọ̀sì, káfíńtà àgbà, fajú ro. "Ẹnu ọmọkùnrin yẹn dùn jù. Ìyá rẹ ló gbin ewéko yìí kó tó kú. Kí ọmọkùnrin náà tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí o fẹ́ fi lọ kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́. Bó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó má dé ibí mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni omi o, àyànfẹ́ mi," ni nọ́ọ̀sì kìlọ̀.

"Mo ti gbọ́, ìyá ewéko."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń rí i pé ilé tí kò lómi kì í gbádùn. Bí àárò olólùfẹ́ bá ti sọ ọ́, á bu ife omi kan fún ewéko. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

Ó rí èyí tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òdòdó. Ó gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀. Èyí tó ń jẹrà ló gbé lọ sílé káfíńtà.

"Bàbá, èmi ni mo bà á jẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń bomi rin ín."

Àgbà náà mú ọ̀bẹ. "Di orí rẹ̀ mú." Ó gé ibi tó jẹrà dànù títí ó fi kan ara funfun. "Ó di ọjọ́ méje kó tó fojú kan iyanrìn. Omi ńkọ́?"

"Kò sómi, bàbá."

"O ti ń gbọ́n díẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni púlọ́ńbà ń wá jókòó ti ewéko náà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, gbòǹgbò tuntun yọ, tín-ín-rín bí òwú.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, bàbá ló ṣílẹ̀kùn. "Ọkọ rẹ wà nínú ilé."

"Ọkọ mi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu rẹ̀ dùn jù."

"Ó dùn. Àmọ́ kò lè fi purọ́."

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní kóòtù lóṣù kejìlá. Bàbá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, òun náà ló sì dáwọ́ dúró kẹ́yìn.

Gbòǹgbò tí ìyá nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ti jẹrà tán. Kò sí èyí tó kù nínú rẹ̀; gbòǹgbò tuntun ló gbé ewéko náà ró báyìí.