Veit Tó Ń Lu Bàbà Mọ́ Àdúrà Ẹlòmíràn

Ọ̀rẹ́ mi, Veit alágbẹ̀dẹ bàbà kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Bí o bá rí i nínú ìjọ Luther wa nílùú Augsburg nílẹ̀ Jámánì, wàá rò pé ó ti níjòókòó lọ́run. Irọ́ ni. Ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ló wà.

Òfin ìlú wa ni pé kí ìjọ Luther àti ìjọ Àgùdà jọ máa gbé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ẹnìkejì lọ́wọ́ ìsìn. Veit kò rú òfin. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ agogo kékeré tó máa ń ṣáájú fádà ní òpópónà lọ́jọ́ ọdún wọn, tàbí bó bá ń gbé oúnjẹ mímọ́ lọ fún aláìsàn, á gbé ìkòkò bàbà tó tóbi jù sílẹ̀, á sì máa fi òòlù lù ú kíkankíkan.

"Ṣé òfin ní kí n má ṣiṣẹ́ ni?" Àwọn alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fara da ara wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, agogo dún. Veit rò pé ọdún ni àwọn Àgùdà tún ń ṣe. Ó lu bàbà títí òógùn fi bò ó.

Nígbà tó dáwọ́ dúró, Kilian ahunṣọ, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Walburga ti kú."

Ìyàwó Kilian ni Walburga. Òun ló fún ọmọ Veit lọ́mú nígbà tí ìyá ọmọ náà kú lórí ìkúnlẹ̀. Òun ni fádà ń gbé oúnjẹ mímọ́ lọ fún láàárọ̀ yẹn.

"Kilian, mi ò mọ̀ pé òun ni!"

"Ká ní ẹlòmíì ni ńkọ́? Wàá lu bàbà yẹn, àbí? Fádà ń gbàdúrà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Walburga ní, 'Ṣé Veit nìyẹn?' Mo ní òun ni. Ó ní, 'Ẹ bá mi bi í, ta ló ń lù ú fún?' Ohun tí mo wá bi ẹ́ nìyẹn. Bí Jésù fúnra rẹ̀ bá ń pè ẹ́ níbí, ṣé wàá gbọ́?"

Ogójì ọdún ni Veit fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ ló ń sìn. Ó dojú bolẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. "Jésù, ṣàánú mi. Ọ̀tá rẹ ni mo jẹ́." Jésù sì gbà á. Ẹni tí ò bá dùn mọ́, kó lọ fẹjọ́ sùn!

Nígbà tí ọdún tí àwọn Àgùdà máa ń gbé oúnjẹ mímọ́ yí ìlú ká dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Veit káwọ́ lẹ́rán.

"Wọ́n mà ń bọ̀ o! Àbí wọ́n ti sọ ẹ́ di Àgùdà?"

"Mi ò di Àgùdà, mi ò sì ní ṣí fìlà fún ohun tí mi ò gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní dí ẹnì kankan lọ́wọ́ àdúrà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ariwo, kó lọ lu orí ara ẹ̀!"

Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n lé e kúrò lórí ìjókòó ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdúró ló fi ń gbọ́ ìwàásù títí ó fi kú. Mo fi í yangàn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Má sọ fún mi pé o kì í ṣe ọ̀mùtí. Bí o bá kórìíra ẹni tí Jésù kú fún, ìjọ rẹ ò lè gbà ọ́ là. Má dá a dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí o kórìíra, kí o sì sọ fún un pé Jésù ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ.