Kò Sẹ́ni Tó Bi Mardiyah

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni Mardiyah kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Òjò oṣù Agẹmọ ń dà lórí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹrẹ̀ pupa gba gbogbo ojú títì, àwọn èèyàn ń sá kiri, ọmọkùnrin kan sì dúró nínú gọ́tà, ó ń ti kẹ̀kẹ́ márúwá tó rì. Táì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ta ní í so táì ti márúwá? Ó tì í títí táyà fi yí, táyà náà sì da ẹrẹ̀ bò ó láti àyà dé bàtà. Onímárúwá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mardiyah bú sẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbọ́, ó yíjú, ó wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó mú un lọ́kàn nìyẹn. Ọkùnrin tí Mardiyah mọ̀, bí o bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èébú ló kù.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Tàjúdéènì tó ń ta korobá àti gbogbo ohun èlò oníke, pe ọmọkùnrin náà wọlé. "Jókòó, jàre. Mardiyah, bu tíì fún un."

Tíì Alhaji lókìkí ní gbogbo ọ̀nà ibẹ̀. Atalẹ̀ àti kànáfùrù ló fi ń sè é, kò sì sẹ́ni tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí kì í mu ún.

"Ẹ ṣé o, sà," ni ọmọkùnrin náà wí, "àmọ́ n kì í mu tíì."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Mardiyah. "Kí ló dé? Ṣé o rò pé a fi nǹkan sí i ni?"

"Ó tì o! Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a kì í ti í mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi atalẹ̀ sómi gbígbóná fún mi, màá mu ún tán, màá sì fọ kọ́ọ̀bù."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn?" ni Alhaji bi í.

"Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, sà."

Alhaji dákẹ́ bí ẹni tó ń retí pé orúkọ náà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Àwọn tí wọ́n ń pè ní Mọ́mọ́nì, sà."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ!"

"A ti fi sílẹ̀ láti ayé àwọn bàbá àgbà, sà. Ọ̀kan ṣoṣo ni."

Alhaji, tó ní ìyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó tún ní òmíràn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mi orí pẹ̀lú àánú. "Ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n sì ṣì ń bú yín sí i. Ìyà yìí pọ̀ fún yín o."

Orúkọ ọmọkùnrin náà ni Olúwaṣèyítán. Ará Èkìtì ni wọ́n, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Odogbolu. Tí oṣù Ògún bá ti parí, ó ń lọ sí Ghana láti ṣe míṣọ́nnárì fún ọdún méjì. Àsìkò òjò yìí ló kù fún un nílé.

Láìpẹ́ ó padà wá ra korobá. Ó tún padà wá ra òmíràn.

"Ṣé èyí tó o rà níjelòó ti jò ni?" ni Mardiyah bi í.

"Kò jò."

"Kí lo wá fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ó ń dá nìkan gbé. Mo wá ra àbúrò fún un ni."

"Alàgbà," ni Mardiyah wí, nítorí ó ti gbọ́ pé orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn míṣọ́nnárì wọn nìyẹn, "alàgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n! Irọ́ lo ń pa."

"N kì í purọ́. Mo lè máà sọ gbogbo òótọ́ tán ni."

Ìjagun ni Mardiyah ti ń kàwé ní yunifásítì, ó kù ọdún kan kó jáde. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ yá ìwé, Ṣèyítán á bá a gbé báàgì. Ojú ọ̀nà yẹn ló ti sọ gbogbo òfin tó ń dúró dè é fún un: kò sí fíìmù, kò sí ọ̀rẹ́bìnrin, ilé nìkan ni yóò máa pè lọ́sẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ kò sì ní fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru.

"Ẹ̀wọ̀n nìyẹn," ni Mardiyah wí. "Ta ló rán ẹ?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rán mi."

Mardiyah wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ayman ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé-kéwú ní Ìlọrin, ó ń jẹ gàrí, ó ń sùn lórí ẹní, kò sẹ́ni tó pè é ní òmùgọ̀. Mardiyah mọ bí ojú ẹni tí Ọlọ́run pè ṣe ń rí. Kò ní bá a jà lórí ìyẹn láé.

Lọ́jọ́ kan omi gba ojú ọ̀nà, Ṣèyítán sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n lè kọjá. Wọ́n kọjá tán, ilẹ̀ gbẹ níwájú wọn, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Mardiyah."

"Mo ti mọ̀ látìgbà tí korobá ti bí àbúrò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣèyítán la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bi í ní nǹkan, ó sì pa á dé. Mardiyah mọ ìbéèrè náà. Kò fẹ́ kó pa Ghana tì. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kó bi í bóyá òun yóò wà níbẹ̀ nígbà tó bá dé. Ó dúró de ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà, ó dúró dè é lọ́jọ́ kejì. Ṣèyítán ò bi í. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò rẹ̀ ni fóònù Mardiyah dún ní Ìjagun. Bàbá rẹ̀ ni. "Máa bọ̀ nílé. Nísinsìnyí!"

Nígbà tó dé, Alhaja Tàíbátù ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń sunkún. Ràmọ́tà, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti Èkó wá lo ọ̀sẹ̀ kan, jókòó lórí àga bí adájọ́.

"Oṣù mélòó ni?" ni Ràmọ́tà bi í.

"Oṣù kí ni, àǹtí?"

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀! A ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Luqman tí mo ti ń bá ẹ wá kiri. Ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Èkó, kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ bí a bá tètè ṣe ìgbéyàwó yín."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìjọ Ṣèyítán pé kí ẹni tó ń lọ iṣẹ́ Olúwa tún ohun tó bà jẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀. Ṣèyítán wo ọkàn rẹ̀ títí, ó rí i pé òun di ọwọ́ ọmọ Alhaji mú láìgba àṣẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ bá Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn oníbàárà. Ó ní, "Ẹ foríjì mí, sà. Mo ti ṣẹ̀ yín lórí Mardiyah. Mo ń lọ sí Ghana lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti dá a sílẹ̀ kó lè fẹ́ ẹlòmíràn."

Ẹ sọ fún mi! Ọmọkùnrin kan dá wá ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò mú àgbà kankan dání, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọbìnrin, ó ń tọrọ àforíjì, ó tún ń sọ pé òun ń kúrò nílùú. Kí lẹ fẹ́ kí bàbá rò? Alhaji gbé àga ike sókè, Ṣèyítán sá àsálà, kí ọ̀sán sì tó pọ́n, gbogbo Òkè-Ajé ti ń ka oṣù fún Mardiyah.

"Ó dì mí lọ́wọ́ mú ni!" ni Mardiyah pariwo. "Ọwọ́! Ọwọ́ yìí!"

"Ọwọ́ kì í múni dọ̀bálẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, bàbá mi. Kí ẹ tó lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ tó lọ bá Luqman, ṣé ẹ bi mí?"

 Mardiyah wé híjáàbù rẹ̀ dáadáa, ó jáde, ó wọ ọkọ̀ Odogbolu.

Ó bá Ṣèyítán àti ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n ń lọ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ kó lọ. Korobá aláwọ̀ oríṣiríṣi tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mardiyah kúnlẹ̀ kí ìyá, ó sì dìde.

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ yín ni mo bá wá. Ṣèyítán, wọ́n ní o dá mi sílẹ̀."

"Mardiyah, mo rò pé…"

"Ìgbà wo lo dè mí?"

Ṣèyítán gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì.

"Mo ní ìgbà wo lo dè mí, tó o fi ń dá mi sílẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni mí? O di ọwọ́ mi mú, o sọ pé o nífẹ̀ẹ́ mi, n kò ráhùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, o kọ̀, o ò bi mí, o lọ bá bàbá mi láàárín ọjà! Lónìí yìí wọ́n fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹ inú mi wò!"

Áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ṣèyítán. "Nọ́ọ̀sì? Fún kí ni?"

"Bi ara ẹ! Alàgbà!"

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lóye. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Yéè! Ṣèyítán, kí lo lọ sọ fún wọn?" Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Mardiyah, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Èmi ni mo ní kó fi ẹ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Mo rò pé ìwà ìkà ni kó so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì. Mo sì bẹ̀rù pé tó bá ń wẹ̀yìn, kò ní ṣe iṣẹ́ náà dójú àmì."

"Ẹ̀rù tó yẹ ní bíbà ni, mà. N ò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin rò tiyín, òun rò tirẹ̀, bàbá mi rò tiwọn, àǹtí mi ti rí ọkọ. Orí mi ni gbogbo yín ń rò ó lé. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ìyá náà gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí. "A ò bi ẹ́." Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú gèlè lórí. "Ṣèyítán, wọ bàtà. Ìwọ tó o dá lọ dọ̀bálẹ̀, wàá bá àgbà lọ lónìí."

Nínú márúwá, Ṣèyítán sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ sí etí rẹ̀ pé, "Mo rò pé mò ń ṣe ẹ́ lóore ni."

"Ìgbà míì tó o bá fẹ́ ṣe mí lóore, kọ́kọ́ béèrè bóyá mo fẹ́," ni Mardiyah dá a lóhùn. Síbẹ̀ kò sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alhaji ò kí wọn káàbọ̀ nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀ rẹ̀. Ìyá Ṣèyítán kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, Alhaji. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ tó máa ń jẹ́wọ́ jù. Nígbà tó wà ní kékeré, ó lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ pé òun ronú àtisùn ní kíláàsì. Ọwọ́ ni, Alhaji. Ọwọ́ lásán. Ó sì dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè sùn."

Alhaji wo Ṣèyítán. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́?"

"Láti ibi omi títí dé géètì Ìjagun, sà," ni Ṣèyítán wí, òógùn bò ó. "Omi ò dé géètì."

Alhaja Tàíbátù tó ti ń sunkún láti àárọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alhaji fẹ́ mú ojú le, kò rí i mú le mọ́. "Èmi Tàjúdéènì," ló wí, "mo fi àga lé èèyàn láàárín ọjà nítorí ọwọ́!"

Ṣèyítán dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọjú sí Mardiyah. "Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò gbọ́wọ́ lé mi lórí, tí wọn yóò yà mí sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, n kò ní lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún obìnrin kankan títí màá fi dé. Mo ṣì lè sọ ọ́ lónìí. Mardiyah, nígbà tí mo bá padà, ṣé wàá jẹ́ kí àwọn ẹbí mi wá tọrọ rẹ?"

Alhaja Tàíbátù sún síwájú kó lè gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ni Mardiyah wí.

"Kí lo fẹ́ rò?" ni Alhaji ké. "Ìwọ tó o sáré dé Odogbolu nítorí ẹ̀!"

"Bàbá, èmi ni wọ́n bi."

Ó sì rò ó lóòótọ́, ó ń wo ojú ọmọkùnrin náà lórí ilẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu rẹ̀. Àǹtí Ràmọ́tà fẹ́ sọ̀rọ̀, Alhaji gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mardiyah wí. "Ṣùgbọ́n n ò ní jókòó máa ka ọjọ́ o. Màá parí ìwé mi, màá ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí ni mí, n kò sì ní yí padà nítorí ọkọ. N kò sọ pé kí ìwọ yí padà. Bí a ó ṣe gbé e papọ̀, èmi àtìwọ ni yóò jókòó sọ ọ́ nígbà tó o bá dé. Bí ọkàn mi bá yí kó tó dìgbà náà, màá wá sọ fún ìyá rẹ fúnra mi. Bí tìẹ bá yí, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Kí o má lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù."

"Mo gbà," ni Ṣèyítán wí, omi ti lé sójú rẹ̀.

"Dìde, olólùfẹ́ mi. Ilẹ̀ tutù."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Ràmọ́tà, pe àwọn ẹbí Luqman. Sọ fún wọn pé ọmọ mi ti dáhùn."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ Ṣèyítán gbéra ní gáréèjì. Káàdì dúdú tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí wà láyà rẹ̀ báyìí, kò sì sún mọ́ Mardiyah ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kí i láti òkèèrè bí àwọn èèyàn ṣe ń kí ara wọn, ó kí ìyá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Ìyá rẹ̀ sunkún, Mardiyah dì í mú, ó nu ojú fún un, ó sì bá a wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Odogbolu.

Lẹ́yìn náà ló dá onímárúwá dúró.

"Níbo, àǹtí?"

"Ìjagun," ni Mardiyah wí. "Yára díẹ̀, mo ní ìdánwò."